Ta Ló Ń Pàṣẹ Níbí? Bí Ebola Ṣe Wọ Èkó Lọ́dún 2014

Ọjọ́ Sunday kan ni, 20 July 2014. Ọkùnrin ará Liberia kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ ní ẹapọ́ọ̀tì Ìkẹjà, Monrovia ló ti ń bọ̀, ó gba Lomé kọjá, ó ti ń bì nínú ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé, nígbà tó fi máa tẹ ilẹ̀ Èkó kò lè dá dúró mọ́. Calabar ló ń lọ, ìpàdé ECOWAS ló fẹ́ bá lọ. Ká ní ọjọ́ míì ni, ọsibítù ìjọba ni wọn ì bá gbé e lọ, àmọ́ àwọn dókítà ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, ló bá di pé wọ́n gbé e lọ sí First Consultants, ọsibítù aládàáni kan ní Ọbáléńdé.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá wà l'Ékòó nígbà yẹn ẹ máa rántí bí ara gbogbo wa ṣe ń gbọ̀n. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa wọ́n ní ká má bọra wa lọ́wọ́ mọ́, ká máa juwọ́ síra wa láti ọ̀ọ́kán, èèyàn á wọ dáńfó á sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara ẹ̀ má baà kan ti ẹni tó jókòó tì í. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àánú Ọlọ́run ló yọ wá, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá, ohun tó sì ń jọ mí lójú jù nínú ẹ̀ ni pé nínú gbogbo àwọn tó darí iṣẹ́ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí àṣẹ pé lọ́wọ́ ẹ̀. Láti orí dókítà tó dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì títí dé orí ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ẹ̀, àwọn èèyàn tí wọn ò lè fi ipá mú ni wọ́n ń darí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Nígbà tí wọ́n gba Sawyer wọlé, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, ibà sì ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n bi í bóyá ó ti bá ẹnikẹ́ni tó ní Ebola ṣe pọ̀, ó ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ obìnrin kan ti kú nípa Ebola ní Monrovia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn kan náà. Ọjọ́ kejì, Monday, dókítà àgbà ọsibítù yẹn, Ameyo Stella Adadevoh, wá yẹ àwọn aláìsàn wò, ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí, ó wò ó, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì bá a lára mu. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé Ebola ò tíì wọ Nàìjíríà rí o. Dókítà Adadevoh ò tíì rí ẹni tó ní in rí láyé ẹ̀, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà ò rí i rí. Inú ìròyìn àti inú ìwé nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó tún ọkùnrin náà bi léèrè, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní LUTH, ọsibítù Yunifásítì Èkó.

Ìgbà tí wọ́n ń retí èsì ni wàhálà gan-an dé. Àwọn aṣojú ìjọba Liberia bẹ̀rẹ̀ sí í pè, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin wọn máa lọ, ó ní ìpàdé tó gbọ́dọ̀ lọ, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lójú. Ẹ wá bi ara yín pé àṣẹ wo ló wà lọ́wọ́ obìnrin yìí? Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe mínísítà. Ọsibítù aládàáni ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀ níbẹ̀, èsì àyẹ̀wò ò tíì jáde tó lè nà sí ẹnikẹ́ni lójú. Nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ tiẹ̀ ni ìwé tí dókítà máa ń fọwọ́ sí kí aláìsàn tó lè máa lọ sílé. Kò fọwọ́ sí i. Wọ́n pè, wọ́n tún pè, kò fọwọ́ sí i.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kò ṣe ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ ìgboyà nìkan ni ǹ bá pè é. Ohun tó ṣe fún àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ó wá gbogbo ohun tó lè rí kà nípa Ebola jáde, ó pín in fún àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá fínra. Ó wá àwọn aṣọ àti ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa fi dáàbò bo ara wọn. Wọ́n fi pákó dí iwájú ilẹ̀kùn yàrá ọkùnrin náà. Ó kàn sí ìjọba ìpínlẹ̀, ó kàn sí ti àpapọ̀. Ó mọ̀ pé òun ò lè pàṣẹ fún nọ́ọ̀sì pé kó máà bẹ̀rù, kò sí ẹni tó lè pàṣẹ ìyẹn, ó kàn fún wọn ní ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rù lè fi ṣiṣẹ́.

Sawyer kú ní àárọ̀ kùtù 25 July. Dókítà Adadevoh náà kó o, ó sì kú ní 19 August. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà mìíràn kú pẹ̀lú ẹ̀. Mi ò lè kọ gbólóhùn yẹn kí n má dúró díẹ̀. Ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay ni obìnrin yìí, ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ká ní ó fọwọ́ sí ìwé yẹn ní Tuesday, Sawyer á dé Calabar, á wọ hòtẹ́ẹ̀lì, á jókòó nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn èèyàn láti gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí apá kejì, èyí tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Kí Sawyer tó kú ni ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó ti jọ dá ibi tí wọ́n á ti máa darí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, 23 July ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pè ní EOC, ìyẹn ibùdó tí wọ́n ti ń darí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Wọ́n mú dókítà kan láti Àbújá pé kó wá ṣe olórí ibẹ̀, Faisal Shuaib, ẹni tó jẹ́ igbákejì olórí EOC tí wọ́n fi ń gbógun ti polio, ìyẹn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹ wo irú ohun tí wọ́n gbé lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Gómìnà Èkó ni Fashola, APC ni. Ààrẹ ni Jonathan, PDP ni. Ìbò 2015 ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń na ìka síra wọn lójú lójoojúmọ́. Ìlera sì rèé, ìjọba àpapọ̀ ní ọwọ́ níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ náà ní ọwọ́ níbẹ̀, kò sí èyí tó lè sọ pé kí ìkejì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, wà níbẹ̀, ọ̀gá tiwọn wà ní Geneva. CDC Amẹ́ríkà, àjọ wọn tó ń gbógun ti àrùn, wà níbẹ̀, ọ̀gá tiwọn wà ní Atlanta. UNICEF ńkọ́, MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣèrànwọ́ kárí ayé, ńkọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Shuaib lè lé lẹ́nu iṣẹ́, kò sí èyí tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba ṣì wà nílé, ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn ò parí títí di 24 August. Wọ́n ní kó wá darí àwọn wọ̀nyí.

Mo rò pé ibi tó ti wá ló là á. Ẹni tó bá ti bá iṣẹ́ polio jẹ ìyà lápá Òkè Ọya ti mọ̀ pé àṣẹ lásán ò wọ ilé onílé. Lọ́dún 2003 àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè níbẹ̀, Kano pàápàá, dá oògùn àjẹsára polio dúró torí àhesọ pé wọ́n fẹ́ fi sọ àwọn obìnrin di àgàn ni. Ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ títí, àwọn ìyá ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún 2013 àwọn oníbọn pa àwọn obìnrin tó ń fún ọmọdé ní oògùn yẹn ní Kano. Ohun tó wá yí i padà díẹ̀díẹ̀ ni pé wọ́n lọ bá àwọn ẹ́míà, àwọn ìmáàmù, àwọn obìnrin àdúgbò tí àwọn ìyá yẹn mọ̀ lójú, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń ṣèrànwọ́, tòkèèrè ti nílé, jókòó sí ibì kan ṣoṣo tí wọ́n á ti máa wo ìwé kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí Ebola dé, wọ́n kó nǹkan bí 40 dókítà tó ti gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ polio yẹn wá s'Ékòó.

Ètò tí wọ́n ṣe ò le rárá láti ṣàlàyé. Wọ́n pín iṣẹ́ sí ọwọ́ mélòó kan: àwọn tó ń wá ẹni tó fara kan aláìsàn, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, àwọn tó wà ní láábù, àwọn tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, àwọn tó wà ní ẹapọ́ọ̀tì àti ẹnubodè, àtàwọn tó ń so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ará WHO ò dá ilé tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ará CDC náà ò dá tiẹ̀ sílẹ̀, inú àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ni kálukú wọn wọ̀, ọmọ Nàìjíríà ló sì ń ṣíwájú. Wọ́n ń pàdé lójoojúmọ́. Tó o bá sọ lánàá pé wàá rí èèyàn 30, lónìí wàá dìde níwájú gbogbo èèyàn kó o sọ mélòó lo rí. Èmi rò pé ibẹ̀ ni agbára Shuaib wà. Kò lè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde nínú míìtì níwájú ìjọba méjì àti gbogbo àgbáyé kó sọ pé òun ò ṣe iṣẹ́ òun.

Ó tún gba owó o. Ìjọba Èkó ló kọ́kọ́ gbé owó àti ibi ìtọ́jú kalẹ̀ kí ti àpapọ̀ tó dé, Mainland Hospital ní Yaba ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn, ibẹ̀ kọ́kọ́ burú, àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọbẹ̀ ò pọ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ta ló fẹ́ kú kó fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà wá kówó sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé e ká tó bá a fọwọ́ kún un, bó ṣe rí nìyẹn. Ní 8 August ni Ààrẹ Jonathan wá kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ó sì fọwọ́ sí owó 1.9 bílíọ̀nù náírà.

Nínú wọ́ọ̀dù Yaba yẹn, ọ̀kan nínú àwọn dókítà First Consultants tó kó o, Ada Igonoh, yè é, ó sì kọ ìtàn ara ẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Ó ní dókítà WHO kan ló sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mu omi ORS, ìyẹn omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ mọ́ kí omi ara má baà gbẹ, lítà mélòó kan lójúmọ́, bó ti wù kí èébì máa gbé wọn tó. Kò sí oògùn nígbà yẹn. Dókítà yẹn ò lè mu ún fún wọn. Ó ń wọlé tọ̀ wọ́n wá nínú aṣọ ìdáàbòbò tó bò ó látòkè délẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ó ń fi dá wọn lójú pé àwọn lè yè é. Igonoh mu ún, ó tún ń rọ àwọn tó wà nítòsí ẹ̀ pé kí wọ́n mu ún. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn náà ti ń darí àwọn míì.

Apá kẹta ni ìta, ibẹ̀ ni mo kà sí ibi tó le jù. Èèyàn 72 ni Sawyer nìkan fi sínú ewu ní ẹapọ́ọ̀tì àti ọsibítù. Àwọn yẹn náà ní ìyàwó, ní ọkọ, ní ọmọ, ní ọ̀rẹ́. Nígbà tó fi máa parí, iye àwọn tí wọ́n ní láti tọ́ lẹ́yìn tó nǹkan bí 900. Kálukú wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí lójúkojú, kí wọ́n wọn ìgbóná ara ẹ̀, fún ọjọ́ 21. Wọ́n kó nǹkan bí 150 èèyàn jọ fún iṣẹ́ yẹn, iye ìgbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn tó 18,500.

Ẹ jẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan, ká sọ bẹ́ẹ̀, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé àgbà kan ní Àgége tàbí ní Àjáh. "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi ni mo wá lánàá." Ara màmá ò gbóná, àìsàn kankan ò ṣe màmá, àwọn ará ilé ti ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹlẹ́bọ, ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ wọn ò wá mọ́. Ọmọ yìí ò lè ní kí màmá má jáde. Tó bá ké mọ́ wọn, lọ́la wọn ò ní ṣílẹ̀kùn, tí wọn ò bá sì ṣílẹ̀kùn tó sì jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní láti jókòó, kó bèèrè àwọn ọmọ, kó gbọ́ ẹjọ́ onílé, kó ṣàlàyé pé torí àwọn ọmọ yẹn náà ni. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi àwọn tó mọ bí a ṣe ń tu èèyàn nínú kún wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn míì lọ kanlẹ̀kùn nǹkan bí 26,000 ilé tó yí àwọn wọ̀nyí ká, wọ́n ń ṣàlàyé fún àwọn aládùúgbò.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ bíi pé gbogbo ẹ̀ lọ geere. Kò lọ geere. Ẹnì kan tí wọ́n ń tọ́ lẹ́yìn l'Ékòó, ó fara kan Sawyer, sá kúrò ó lọ sí Port Harcourt, dókítà kan tọ́jú ẹ̀ níkọ̀kọ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Ara ọkùnrin yẹn yá. Dókítà yẹn ló kú, ní 22 August, kó tó kú ó ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe pọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan yẹn nìkan, ó ju 500 èèyàn lọ tí wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ lẹ́yìn ní Port Harcourt. Nọ́ọ̀sì kan náà ti lọ sí Enugu kó tó di pé wọ́n pè é padà. Gbogbo àṣẹ ìjọba ò dí ọ̀nà Port Harcourt. Ohun tó gba ìlú yẹn là ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ti wà l'Ékòó, wọ́n ti mọ ara wọn, wọ́n kó èèyàn lọ síbẹ̀ kíá, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ṣe ṣe l'Ékòó, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè pé ta ló yẹ kó sanwó mọ́tò.

Àhesọ náà ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orógbó di wúrà lọ́jà nígbà kan. Ní òru 8 August, àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ káàkiri pé kéèyàn fi omi gbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago mẹ́ta òru ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn, "Dìde kó o lọ wẹ̀ jàre, ṣó o fẹ́ kú ni?" Àwọn kan tó mu iyọ̀ jù ṣàìsàn, wọ́n sì ròyìn pé àwọn kan kú. Ìjọba jáde lórí rédíò pé irọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe rédíò ló dá ẹ̀gbọ́n mi lójú. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wọn, tó ti ń bá wọn gbẹ̀bí látọjọ́ tó ti pẹ́, ló lọ bi, ìyẹn sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n jìnnà sí òkú àti ẹni tó ń ṣàìsàn, iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń darí náà tètè rí i pé bọ́rọ̀ ṣe máa rí nìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn olórí ẹ̀sìn àtàwọn tí ìlú ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ iléèwé tún wà níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo iléèwé wà ní títì di 13 October, wọ́n tún yí i padà sí 22 September, àwọn olùkọ́ bínú, àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Mo kàn mẹ́nu bà á ni.

Èèyàn 20 ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, Sawyer wà nínú wọn. Ní ìlú tí èèyàn inú ẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, tí a ń fún ara wa mọ́ra nínú mọ́lúè. WHO kéde ní 20 October 2014 pé Nàìjíríà ti bọ́, lẹ́yìn tí ọjọ́ 42 ti kọjá tí kò sí ẹni tuntun tó kó o.

Àwọn dókítà polio yẹn kó ẹrù wọn, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ti fà wọ́n wá, ilé sí ilé, ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún 2017 wọ́n fi Shuaib ṣe olórí àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ló wà ní 25 August 2020 nígbà tí wọ́n kéde pé polio tí wọ́n ń pè ní wild polio, ìyẹn ojúlówó kòkòrò ẹ̀ tí kì í ṣe látinú oògùn àjẹsára, ti tán ní gbogbo Áfíríkà, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn tí wọ́n ń dúró dè.